Bí Ojú Inú Fọ́tò Àtijọ́ Ṣe Ń Rí Orúkọ Rẹ̀ Gbà Padà

Èédú ni wọ́n ń wà nílẹ̀ nígbà kan rí ní Cumberland, ìlú kékeré kan ní erékùṣù Vancouver, lápá ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Ará Jàpáánì, ará Ṣáínà, aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó ló kóra jọ síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ náà. Ní nǹkan bíi 1912, Senjiro Hayashi, ọmọ Jàpáánì, ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò níbẹ̀. Àìmọye dígí tí wọ́n ya àwòrán sí nínú ṣọ́ọ̀bù náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú ọ̀hún. Ìṣúra gidi ni, torí ẹ̀yà yòówù kí èèyàn jẹ́, tó bá ti lówó fọ́tò lọ́wọ́, ó jókòó síwájú kámẹ́rà.

Ojú kan dígí ni wọ́n máa ń fi gẹ́látì (ohun kan tó rí bíi jẹ́lì) tó ní èròjà fàdákà nínú pa. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á, á dúdú bí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú kẹ́míkà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé á sì mọ́ gaara. Ìdí nìyí tí ẹ̀wù funfun fi ń dúdú lórí dígí. Tí wọ́n bá wá gbé bébà fọ́tò tì í, tí wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, funfun á padà di funfun.

Bébà yìí ni oníbàárà ń gbé lọ sílé. Dígí kù sọ́wọ́ oníṣẹ́, orúkọ sì kù sínú ìwé rẹ̀. Bí ìwé bá sọnù, ojú á wà láìlórúkọ. Ti Cumberland tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Kánádà fi tipá kó àwọn tó jẹ́ ọmọ Jàpáánì kúrò ní etíkun British Columbia, ìpínlẹ̀ tí Cumberland wà, wọ́n lé ní 20,000, ìjọba sì ta dúkìá wọn. Títí di 1949, wọn kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀. Àwọn tí ì bá dárúkọ àwọn èèyàn inú fọ́tò ti fọ́n káàkiri.

Olùtọ́jú máa ń di dígí mú ní etí nìkan, á fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbọn ekuru rẹ̀, á sì wé e sínú bébà. Ìnàró ni wọ́n ń tò wọ́n, torí bí wọ́n bá to kan lé èkejì, ti ìsàlẹ̀ lè fọ́. Ojú tó ń dán ni ti dígí gan-an. Ara èyí tí kò dán ni àwòrán wà. Bí wọ́n bá ṣi ojú gbé sórí ẹ̀rọ tó ń kó àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ọ̀tún á di òsì, ọ̀rọ̀ ara pátákó á sì dojú kọ ẹ̀yìn.

Ẹ má yára gba àwọ̀ tí ẹ rí gbọ́. Dígí ayé ìgbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí pupa: lórí bébà, aṣọ pupa á dúdú, ojú ọ̀run aláwọ̀ búlúù á sì funfun báláú. Obìnrin tó jọ pé ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ lè jẹ́ pé pupa ló wọ̀.

Àga àti aṣọ tí wọ́n ta sẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń yà ló ń jẹ́ kí a mọ àwọn fọ́tò tó jọ jẹ́ ti ìgbà kan náà. Iṣẹ́ tó nira jù ni wíwá ìdílé tí bébà fọ́tò yẹn kan náà ṣì wà nínú àpótí wọn, bóyá tí wọ́n kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan tí a bá mọ̀ lè fa ìyàwó, àbúrò tàbí alábàáṣiṣẹ́ yọ nínú fọ́tò míì. Orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, torí arúgbó méjì lè dárúkọ méjì fún ojú kan ṣoṣo. Orúkọ méjèèjì ni wọ́n á kọ sílẹ̀ títí ẹ̀rí míì yóò fi dé.