Gọ́tà ńlá nìkan kọ́ ló ń gba ìlú lọ́wọ́ àgbàrá

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ọ̀pọ̀ wa ní Ìlọrin gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí onílé fi lè kọ̀ fún un ni kó la gọ́tà ńlá, kó lé omi lọ kíá. Bí omi bá ti wọlé, gọ́tà ló kéré nìyẹn.

Òótọ́ ni pé gọ́tà tí ọ̀rá piọ́ wọ́tà dí máa ń fa wàhálà. Ṣùgbọ́n gọ́tà kì í mu omi, ibòmíràn ló ń gbé e lọ. Nígbà tí oko ṣì pọ̀ ní Tanke, ilẹ̀ á kọ́kọ́ mu nínú òjò kí ìyókù tó ṣàn. Ní báyìí, bí a bá kọ́lé tán, a ó da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá títí dé ẹnu géètì. Ojú títì ni omi ń gbà. Bí gọ́tà ṣe ń tóbi sí i ni omi ń yára sí i, gbogbo rẹ̀ á ya dé Odò Asa lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò á sì máa gbọ́n omi nínú yàrá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kànga á gbẹ. Àpáta ló pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ wa, òjò tó rì sílẹ̀ ló sì ń bọ́ kànga. Omi tí a lé lọ lọ́fẹ̀ẹ́, a wá ń rà á lọ́wọ́ mẹ́ruwà.

Ẹ bá mi ṣírò omi òjò tí a lè gbà sínú táńkì láti orí òrùlé dípò ká lé e lọ. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ibi tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, lítà kan ni. Òrùlé mítà 10 sí mítà 10 á gba lítà 3,000 nínú òjò mìlímítà 30. Bí apá kan bá tiẹ̀ ta dànù, á kún táńkì lítà 2,000. Òjò ẹyọ kan nìyẹn o! Nǹkan bí mìlímítà 1,200 ló ń rọ̀ ní Ìlọrin lọ́dún.

Àwọn kan á ní omi òjò ò mọ́. Omi ẹ̀rọ tó ń wá láti ìsédò Asa ńkọ́? Òjò tí wọ́n dá dúró, tí wọ́n sì tọ́jú, náà ni. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù kí ẹ tó darí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ sínú táńkì. Ẹ dé e, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀, torí ẹ̀fọn lè dàgbà nínú omi tó wà ní gbangba láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi fọṣọ, ẹ fi fọ ilé ìgbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ sè é. Èyí tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹ darí rẹ̀ sí kòtò tí a kó òkúta sí, kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé àti sọkawéè. Àgbàrá ojú títì yàtọ̀ o, epo ọkọ̀ àti ẹ̀gbin wà nínú rẹ̀. Ẹ má darí rẹ̀ sí kànga.

Ti ìjọba ni kí wọ́n má ṣe gé àbàtà àti etí odò tà bíi púlọ́ọ̀tì, kí wọ́n sì gbẹ́ adágún tí àgbàrá lè dúró sí. Kí wọ́n tó buwọ́ lu pílánù ilé kankan, kí wọ́n bi onílé léèrè ibi tí òjò orí òrùlé rẹ̀ máa gbà.