Àpò Awọ Dúdú Ńlá: Bí Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe Ṣe Ń Tò Lédè Gẹ̀ẹ́sì

Ohun tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe jẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Òun ló ń sọ bí nǹkan ṣe rí. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì rí ti gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Ìgbà tí mẹ́ta mẹ́rin wọn bá pé jọ síwájú ọ̀rọ̀ orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ń dùn. Ta ni yóò ṣíwájú?

Ìdáhùn ilé ìwé ni OSASCOMP, ìyẹn lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí oríṣi àpèjúwe mẹ́jọ ń jẹ́. Tíṣà á kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn ọmọ á há a bí àkọ́sórí: èrò ẹni, títóbi, ọjọ́ orí, ìrísí, àwọ̀, ibi tí nǹkan ti wá, ohun tí wọ́n fi ṣe é, iṣẹ́ tó wà fún. Tó bá dọjọ́ ìdánwò, wọ́n á máa ka ìka lábẹ́ tábìlì. Ìyà tí kò tọ́ sí wọn ni, torí ọmọ Yorùbá ti mú ètò yìí wá látilé.

Ẹ wo àpò kan tí wọ́n gbé kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Gẹ̀ẹ́sì á pè é ní "a beautiful big black leather bag". Bó ṣe máa ń jáde lẹ́nu Yorùbá ni: àpò awọ dúdú ńlá kan tó rẹwà. Ẹ wá kà á láti ẹ̀yìn bọ̀: rẹwà, ńlá, dúdú, awọ, àpò. Ètò kan náà ni, ibi tí wọ́n ti mú un ló yàtọ̀.

Èyí tó bá wọnú nǹkan jù ló ń jókòó tì í. Bí a bá yọ awọ kúrò, àpò ò sí mọ́. Dúdú lè ṣí bí oòrùn bá ń pa á. Ńlá dúró lórí ohun tí a fi wé e. Ẹwà ńkọ́? Àpò tí ẹnì kan ń yìn, ẹlòmíì ò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ààfin ni kí a fi wò ó. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni kábíyèsí, ẹmẹ̀wà wà nítòsí rẹ̀, àwọn ìjòyè tẹ̀ lé e, àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì ń ti ìta wọlé, àlejò ló ń kọ́kọ́ bá pàdé. Yorùbá ń ti orí ìtẹ́ bọ̀ síta. Àlejò lè múra ju ẹmẹ̀wà lọ, kó sì pariwo jù ú lọ, ìyẹn ò sọ ọ́ di ará ilé. Ẹni tó sọ pé "a leather beautiful bag" ti mú àlejò wọ yàrá ọba.

Àwọn tó ni èdè gan-an kì í mọ ìdí. J. R. R. Tolkien, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ nínú lẹ́tà kan lọ́dún 1955 pé nígbà tí òun wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje, òun kọ ìtàn nípa "a green great dragon". Ìyá rẹ̀ ní "a great green dragon" ló yẹ kó jẹ́. Tolkien ní ó ya òun lẹ́nu nígbà náà, kò sì tíì yé òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Oxford ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀ o!

Lóòótọ́, ètò náà ní ibi tó ti ń yẹ̀. Yorùbá ń sọ ògbólógbòó olè, àpèjúwe á ṣíwájú. Gẹ̀ẹ́sì náà ní "Attorney General", tí àpèjúwe ti kẹ́yìn bíi tiwa. Èdè Faransé ló fà á: lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, èdè wọn wọ ààfin àti kóòtù, ó sì fi irú orúkọ oyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ kó péye fi ń kọ "Attorneys General" bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ. "General" ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀gágun.