Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Àtòkọ Ohun Tí QEMU Gbára Lé

Ìtọ́ni lórí bí èèyàn ṣe lè fúnra rẹ̀ kọ́ QEMU, ìyẹn ni pé kó ṣe é jáde láti inú kóòdù rẹ̀, kò gùn rárá. Ṣí fóldà tuntun, sáré configure (tó ń wo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ), sáré make (tó ń kọ́ ọ), ó tán. Ó ti pẹ́ tí àwọn àṣẹ yẹn ti wà bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í fúnni ní wàhálà. Ìlà tó ṣáájú wọn ni ọ̀rọ̀ wà, ìlà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré kọjá: "Kọ́kọ́ fi àwọn package wọ̀nyí sórí kọ̀ǹpútà rẹ." Package ni àpò tí wọ́n di sọ́fítíwíà sí. Ìlà yẹn ni kì í pẹ́ gbó, òun náà ló sì ń gba ìtọ́jú.

QEMU ni sọ́fítíwíà tí Fabrice Bellard dá sílẹ̀ ní 2003, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gbé odidi kọ̀ǹpútà mìíràn sínú. Kò dá gbogbo iṣẹ́ yẹn ṣe. Àwọn library, ìyẹn àkójọ kóòdù tí sọ́fítíwíà mìíràn lè yá lò, ló ń ràn án lọ́wọ́. GLib ń bá a ṣe iṣẹ́ ìpìlẹ̀, pixman ń bá a tò àwòrán sójú screen, libfdt ń bá a ka àpèjúwe hardware, libslirp ń bá a so kọ̀ǹpútà inú mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìjẹ́ pé èèyàn nílò àṣẹ root, ìyẹn àṣẹ alábòójútó kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn pọ̀ lọ súà. Díẹ̀ lára wọn jẹ́ kòṣeémánìí. Ìyókù, bí wọ́n bá wà, ó dára. Bí wọn ò bá sí, QEMU á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa padà sí.

Àṣìṣe kan wà tó ń bí èèyàn nínú, torí pé ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan sáré configure, configure ní òun ò rí GLib. Ó yà á lẹ́nu, nítorí GLib wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tó ń lò ni kò sì ní ṣí bí kò bá sí níbẹ̀. Ló bá pinnu pé QEMU ló bàjẹ́. QEMU ò bàjẹ́.

Ẹ fi aṣọ rírán wò ó. Ẹni tó máa wọ aṣọ yàtọ̀ sí ìwọ̀n rẹ̀ tí télọ̀ kọ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí télọ̀ ń gé aṣọ, kò nílò kí aláṣọ dúró síwájú òun. Ìwọ̀n ló nílò: èjìká, àyà, gígùn apá. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọ aṣọ náà, ìwé ìwọ̀n ò ní iṣẹ́ kankan mọ́. Aláṣọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà. GLib tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà ni aláṣọ. Compiler, tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí, ni télọ̀. Fáìlì header ni ìwé ìwọ̀n: inú rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ function kọ̀ọ̀kan sí, ohun tó ń gbà àti ohun tó ń dá padà. Ní Debian, ọ̀kan lára onírúurú Linux, inú package kan ni aláṣọ wà, ìwé ìwọ̀n wà nínú òmíràn tí -dev wà ní ìparí orúkọ rẹ̀. Ní Fedora, tó jẹ́ Linux mìíràn, -devel ni. Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ẹni tó kàn fẹ́ lo sọ́fítíwíà ò nílò ìwé ìwọ̀n láéláé.

Àkàwé yìí ṣì lè gbé wa jìnnà sí i. Ìwọ̀n tí wọ́n mú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lè má bá aláṣọ mu mọ́. Ìdí nìyẹn tí configure kì í fi í béèrè bóyá ìwé ìwọ̀n wà nìkan. Ó tún máa ń béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n ni télọ̀ fi rán aṣọ àbúrò ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀: header láti inú ẹ̀dà kan tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sí /usr/local, àti library láti inú ẹ̀dà mìíràn tó bá Linux rẹ̀ wá. Télọ̀ lè rán an tán láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n bá nawọ́ wọ̀ ọ́ ni yóò ya.

Láti ẹ̀dà 5.2, tó jáde ní oṣù Kejìlá 2020, irinṣẹ́ tí configure ń pè, Meson, ló ń ṣe ìbéèrè yìí fún QEMU, pkg-config, tó mọ ibi tí library kọ̀ọ̀kan wà, ló sì máa ń bi jù. Ọ̀rọ̀ tí Meson ń tẹ̀ jáde wà lára ohun tó ń dá àṣìṣe yẹn sílẹ̀. Bí kò bá rí ìwé ìwọ̀n libslirp, yóò kọ ọ́ pé: "Run-time dependency slirp found: NO". Ẹni tó bá kà á á rò pé aláṣọ ni wọn ò rí. Ohun tí Meson ń fi run-time sọ ni pé kọ̀ǹpútà tí QEMU máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni library náà wà fún. Ìwé ìwọ̀n ló wá, òun ni kò rí. Ì bá dára kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò ọ̀rọ̀ yẹn.

Àmọ́ àṣìṣe tó bá dá èèyàn dúró kọ́ ló burú jù. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí QEMU gbára lé, bó bá rí i, á lò ó. Bí kò bá rí i, á yọ apá yẹn kúrò, á sì máa lọ. Kò ní dúró, kò ní pariwo. Ìlà kan péré tó ní NO ló máa wà láàárín àkópọ̀ gígùn tí configure ń tẹ̀ jáde nígbà tó bá parí, ta ló sì ń kà á tán?

Ọ̀rọ̀ libslirp fi bó ṣe ń rí hàn dáadáa. Títí di 2022, QEMU ń gbé kóòdù libslirp rìn mọ́ra. Ẹni tí kò bá ní i, QEMU á bá a kọ́ ọ pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà 7.2 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ìpinnu tó tọ́ ni, nítorí ẹni tó bá ń gbé kóòdù ẹlòmíràn rìn ń gbé àléébù ààbò inú rẹ̀ rìn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń tẹ̀ lé ìtọ́ni àtijọ́. Configure kọjá. Make parí láìsí àbùkù kankan. Ó ṣí kọ̀ǹpútà inú pẹ̀lú -netdev user, tó ń lo libslirp fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, QEMU sì dá a lóhùn: "network backend 'user' is not compiled into this binary". Gbogbo ohun tí ìtọ́ni wí ló ṣe. Ìtọ́ni náà ò yí padà, ohun tó dúró lé lórí ló yí.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí nídìí. Orí Linux, macOS, Windows àti FreeBSD ni wọ́n ti ń kọ́ QEMU, kò sì sí kọ̀ǹpútà kan tó máa ní gbogbo library wọ̀nyẹn tán. Bí QEMU bá ń dúró nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ parí. Síbẹ̀, ohun tó dáa fún configure kò dáa fún ìtọ́ni. Ẹni tó bá fi --enable-slirp kún àṣẹ rẹ̀ ti sọ pé òun ò lè ṣe láìsí i, configure á sì kọ̀ jálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí kò bá rí i. Ìtọ́ni tó bá ṣèlérí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ ní --enable-slirp nínú. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní i.

Ká wá gbà pé àtòkọ náà pé. Orúkọ wo la ó fi kọ ọ́? GLib yìí kan náà ni Debian ń pè ní libglib2.0-dev, tí Fedora ń pè ní glib2-devel, tí Alpine, Linux mìíràn, ń pè ní glib-dev, tí Homebrew ti macOS ń pè ní glib lásán. Ninja, tó ń darí iṣẹ́ compiler, ń jẹ́ ninja-build ní Debian àti Fedora. Ní Alpine, samurai ni wọ́n ń fi sínú àtòkọ, kì í sì í ṣe ninja gan-an bí kò ṣe ẹlòmíràn tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi library tuntun kan kún QEMU, ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tó ń jẹ́ níbi gbogbo, kó sì kọ ọ́ síbi gbogbo. Ó máa kọ ti Linux tó ń lò fúnra rẹ̀, á sì gbàgbé ìyókù.

Ojútùú tí wọ́n rí sí i lẹ́wà. Àwọn tó ń ṣe libvirt, sọ́fítíwíà tó ń darí QEMU àti irú rẹ̀, ti kọ irinṣẹ́ kan fún ìṣòro yìí kan náà, lcitool lorúkọ rẹ̀, QEMU sì gbà á wọlé. Nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ qemu.yml, glib2 ni wọ́n kọ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Fáìlì mìíràn, mappings.yml, dà bí ìwé atúmọ̀ èdè: òun ló mọ ohun tí glib2 ń jẹ́ lẹ́nu Linux kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ṣàtúnṣe sí àtòkọ á sáré make lcitool-refresh, lcitool á sì tún àwọn Dockerfile tó ń bójú tó kọ (ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fi ń kọ́ container, ìyẹn àyè àdádúró tí wọ́n ti ń sáré sọ́fítíwíà), ọ̀kan fún Debian, ọ̀kan fún Fedora, ọ̀kan fún Alpine, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lókè fáìlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé "THIS FILE WAS AUTO-GENERATED". Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ tún un ṣe, nítorí ìgbà tí wọ́n bá tún sáré àṣẹ yẹn, àtúnṣe rẹ̀ á pòórá.

Dockerfile wọ̀nyẹn náà ni GitLab, ojúlé tí kóòdù QEMU wà, ń lò láti dán QEMU wò. Ìtọ́ni tí èèyàn nìkan ń kà, bó bá gbó, ẹni tó bá kọsẹ̀ lára rẹ̀ nìkan ló máa mọ̀. Èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé ní gbogbo ìgbà tí kóòdù bá yí padà, kò lè gbó ní bòókẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ àtòkọ tó ṣeé gbọ́kàn lé, kó ṣí Dockerfile Linux rẹ̀ nínú tests/docker/dockerfiles, kó sì kà á. Àṣẹ apt build-dep qemu ti Debian náà dára, àmọ́ ohun tí ẹ̀dà QEMU tó wà nínú Debian rẹ̀ nílò ló máa gbé wá. Ẹ̀dà tí òun fẹ́ kọ́ lè ti fi bí ọdún méjì jẹ́ tuntun ju ìyẹn lọ.

Ibi méjì ṣì kù tí ẹ̀rọ kì í rí. Àkọ́kọ́ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Bí ẹnì kan bá fi library tuntun kún QEMU, tí kì í ṣe kòṣeémánìí, tó wá gbàgbé láti kọ orúkọ rẹ̀ sínú qemu.yml, gbogbo ìdánwò á kọjá. Configure ò rí library náà nínú container kankan, ó yọ apá yẹn kúrò, kóòdù tuntun náà ò sì dé iwájú compiler níbì kankan. Àmì pé ó dára á hàn lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò dán wò.

Ìkejì ni àpọ̀jù. Ohun tó bá ń sọnù lè dá iṣẹ́ dúró. Ohun tó bá pọ̀ jù kì í dá nǹkan kan dúró. QEMU ti fi SDL 1.2 sílẹ̀ tipẹ́, SDL2 ló ń lò, síbẹ̀ ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìtọ́ni tó ti gbó á ṣì máa gbé libsdl1.2-dev sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé lásán ni. Kò sí irinṣẹ́ tó ń wá irú èyí jáde fúnra rẹ̀. Èèyàn ló máa yọ orúkọ kan ṣoṣo kúrò nínú qemu.yml, á sáré make lcitool-refresh, á fi ránṣẹ́ sí GitLab. Lẹ́yìn náà, á gbé àkópọ̀ configure ti àná àti ti òní sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, á máa wò ó ní ìlà kọ̀ọ̀kan bóyá YES kankan ti di NO. Bí kò bá sí, orúkọ yẹn lè lọ, á sì yọ èyí tó kàn.