Ẹ Má Bá Màmá Bó Ẹ̀gúsí Yẹn

Àwọn ẹbí tó ń gbé ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wá bá wa fún físíò ní Àkúrẹ́ níbí, oògùn ọpọlọ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Àwọn mìíràn á ti ra àgbo àti kápúsù rẹpẹtẹ kí n tó rí wọn. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èròjà tí ọpọlọ fi ń tún ara rẹ̀ ṣe, inú ọpọlọ gan-an ló ti ń jáde, iṣẹ́ tí wọ́n bá sì gbé fún un ló ń mú un jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn èròjà náà ni pùrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní BDNF. Inú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni Yves-Alain Barde, David Edgar àti Hans Thoenen ti yọ ọ́ ní Jámánì lọ́dún 1982. Ó ń ran sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ lọ́wọ́ kó má kú, ó sì ń mú kí ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń kan èkejì lágbára sí i. Gbogbo wa la bí jíìnì rẹ̀ mọ́, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe é. Àmọ́ kéèyàn ní jíìnì ọ̀tọ̀, kí jíìnì máa ṣiṣẹ́ ọ̀tọ̀.

Ẹ wo ìyá tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba. Kò ní ránṣẹ́ ẹrù sí Èkó nígbà tí ẹnikẹ́ni ò yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Oníbàárà ló ń mú un gbé fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ náà rí. Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá da glutamate, èròjà tó ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, sí èkejì lára, kálísíọ̀mù á rọ́ wọ inú èkejì. Kálísíọ̀mù yìí á ta àwọn pùrótéènì kan jí, títí ọ̀rọ̀ á fi dé ọ̀dọ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní CREB, tó wà lórí jíìnì BDNF. Nígbà náà ni sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdàkọ jíìnì ọ̀hún, èyí tó máa fi ṣe BDNF. Láàárín wákàtí mélòó kan, BDNF tuntun á ti délẹ̀. Èròjà mìíràn tó ń jẹ́ GABA ní tirẹ̀ ń ní kí sẹ́ẹ̀lì sinmi, àdàkọ náà á sì dín kù.

Ìwádìí tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ló wú mi lórí jù. Wọ́n fi eku sínú òkùnkùn, àdàkọ jíìnì BDNF sì lọ sílẹ̀ níbi tí ọpọlọ fi ń ríran. Wọ́n dá wọn padà sínú ìmọ́lẹ̀, ó tún gòkè. Ojú wọn ò fọ́ o. Wọn ò rí nǹkan wò ni.

Ìdí tí mo fi máa ń bá àwọn ọmọ fa ọ̀rọ̀ nìyẹn, tí wọ́n bá ń fi oúnjẹ sí ìyá wọn lẹ́nu nígbà tí ìka rẹ̀ ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀. Màmá kan wà tó ń ta ẹ̀gúsí tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù rọ́bà tí mo fún un, kò kà á sí. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀gúsí tí wọn ò tíì bó síwájú rẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún tó rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá èèpo. Àtàǹpàkò yọ̀, hóró já bọ́, ó tún un mú, ó ń bú u. Ọmọ rẹ̀ nawọ́ láti bá a ṣe é. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gbọ́wọ́ kúrò.

Kápúsù ńkọ́? Pùrótéènì téèyàn bá gbé mì, ikùn á dà á bíi ti ẹ̀wà. Wọ́n tiẹ̀ ti gún BDNF sábẹ́ awọ àwọn tó ní ALS, àrùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan ara, kò gbè wọ́n.

Ẹ má wá ṣe àṣejù o. Wárápá náà ń gbé àdàkọ jíìnì yìí sókè, kò sì sẹ́ni tó máa pe ìyẹn ní ìwòsàn. Ní wákàtí 24 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí rọpárọsẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ bí aláìsàn ṣe máa dìde tó.

Ẹ̀yin tí ara yín ṣì dá, ẹ máa rìn. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011 kó àgbàlagbà 120 jọ. Àwọn tó ń rìn fún ìṣẹ́jú 40, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún kún hippocampus wọn, apá tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan, lẹ́yìn ọdún kan. Tàwọn tó kàn ń na ara sún kì. Ẹ rìn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má tìtorí ìrìn pa á tì.