Ẹ má wo ariwo ọjà: bí wọ́n ṣe ń ta ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù

Bí ìròyìn bá ti jáde pé olówó kan fẹ́ ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú òyìnbó, ohun tí àwọn àbúrò mi máa ń kọ́kọ́ bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ̀gbọ́n, èló ló pè é?" Èmi ni wọ́n ń bi nítorí pé oníṣirò owó ni mí. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ ló máa ń gbé mi ṣiṣẹ́, kí n lè tú ìwé ilé-iṣẹ́ náà wò kó tó sanwó. Mo mọ ohun tó wà nínú ìbéèrè wọn. Wọ́n rò pé gbàǹjo ni, pé ẹni tó bá pe owó tó ga jù lọ ló ń gbé ọjà lọ sílé.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí à ń bá nájà là á wò, a kì í wo ariwo ọjà. Ká lo Chelsea, nítorí pé ojú gbogbo wa ni wọ́n ṣe tà á.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà gbógun wọ Ukraine. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta, Roman Abramovich, ọmọ Rọ́ṣíà tó ra Chelsea ní 2003, kéde pé òun fẹ́ tà á. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀, Chelsea sì wà lára rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹgbẹ́ náà ò lè ta tíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Àwọn tó ní tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dọọdún àti àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ ló ń wọlé. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta jẹ́sì pa. Wọn ò lè ra agbábọ́ọ̀lù, wọn ò sì lè tún ìwé àdéhùn ẹnikẹ́ni ṣe. Owó ọkọ̀ àti ibùsùn láti lọ gbá bọ́ọ̀lù níta kò gbọdọ̀ ju 20,000 pọ́ùn lọ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ìwé àṣẹ pàtàkì tí ìjọba fún wọn kí wọ́n lè máa gbá bọ́ọ̀lù lọ yóò sì parí ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí yóò ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni tó ń tajà kò ní àkókò. Bí oníbàárà kan bá ní bílíọ̀nù márùn-ún ṣùgbọ́n tó ní kí wọ́n fún òun ní oṣù mẹ́fà kí òun fi kó owó jọ, owó rẹ̀ kò wúlò fún ọjà yìí. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹni tí owó rẹ̀ ti wà ní báńkì, tí ìjọba kò ní rí ohun burúkú lára rẹ̀, tí yóò sì tọwọ́ bọ̀wé kí ọjọ́ tó pé.

Alágbàtà tí Abramovich gbé ọjà náà lé lọ́wọ́ ni Raine, báńkì ìdókòwò kan ní New York. Wọ́n dá ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà á fi ìwé sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà. Àwọn tó fi ìwé sílẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni wọ́n yàn sọ́tọ̀. Ìdílé Ricketts, tí wọ́n ni ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù Chicago Cubs, wà níbẹ̀. Stephen Pagliuca, tó ní ìpín nínú ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Boston Celtics nígbà náà, wà níbẹ̀. Sir Martin Broughton, tó jẹ́ alága Liverpool nígbà tí wọ́n tà á ní 2010, kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ. Serena Williams àti Lewis Hamilton wà lára àwọn tó fẹ́ bá a dáwó. Ẹ̀kẹrin ni Todd Boehly, oníṣòwò ọmọ Amẹ́ríkà, òun àti ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Clearlake.

Àwọn olólùfẹ́ Chelsea ni kò jẹ́ kí ara tu àwọn Ricketts. Bàbá ìdílé náà ti kọ àwọn lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n tú síta ní 2019, ó sì ti tọrọ àforíjì. Àwọn olólùfẹ́ ò gbà á. Wọ́n jáde lọ ṣe ìwọ́de ní Stamford Bridge, pápá Chelsea, wọ́n pariwo lórí ayélujára, ìdílé náà sì yọwọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Wọn ò sọ pé ariwo náà ló lé àwọn. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wa, ẹni tó bá fẹ́ ra ọjà tó ń gbé lórí ìfẹ́ àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ kọ ìkórìíra àwọn èèyàn yẹn sínú ìṣirò rẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ Chelsea tún ní agbára mìíràn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ẹni tó ra Chelsea kò ra ilẹ̀ pápá Stamford Bridge. Láti 1993 ni wọ́n ti dá Chelsea Pitch Owners sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn akọ́lé fẹ́rẹ̀ẹ́ gba pápá náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn olólùfẹ́ lásán ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní ìpín níbẹ̀, àwọn ló sì ni ilẹ̀ náà àti orúkọ "Chelsea Football Club". Bí ẹgbẹ́ bá kó kúrò ní pápá náà láìgba àṣẹ wọn, wọn ò lè gbé orúkọ yẹn dání lọ. Abramovich fẹ́ ra ilẹ̀ náà padà ní 2011. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ló nílò, 61.6 ló rí. Pẹ̀lú gbogbo owó rẹ̀, àwọn èèyàn tí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ra ìpín kọ̀ọ̀kan ló sọ fún un pé rárá. Ní tèmi, mi ò mọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ nínú òwò bọ́ọ̀lù. Ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí ní ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣòro fún láti lóye rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ iye owó. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún, wọ́n kéde pé Boehly àti Clearlake ló rà á ní bílíọ̀nù 4.25 pọ́ùn. Ẹ jẹ́ ká tú iye yẹn. Bílíọ̀nù 2.5 ni owó ìpín, ìyẹn iye tí wọ́n san fún ọjà gan-an. Bílíọ̀nù 1.75 tó kù jẹ́ ìlérí: owó tí wọ́n ní àwọn yóò ná sórí pápá, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ obìnrin. Èmi ò lòdì sí ìlérí, wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn, ṣùgbọ́n owó tó wọ àpò àti owó tó ń bọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Gbèsè tún wà ńbẹ̀. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.5 pọ́ùn ni Chelsea jẹ ilé-iṣẹ́ Abramovich fúnra rẹ̀, ó sì ní òun kò ní béèrè rẹ̀. Ká ní ó béèrè ni, iye tí ẹnikẹ́ni máa pè ì bá yàtọ̀ pátápátá. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ iye kan, ẹ béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ta ló máa san gbèsè.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, Sir Jim Ratcliffe, tó ni ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà INEOS, jáde wá pẹ̀lú ìwé tirẹ̀. Bílíọ̀nù 4.25 ni òun náà pè: 2.5 fún ọjà, 1.75 fún ìnáwó. Iye kan náà ni. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá lórí ọjọ́ tí wọ́n dá, àwọn yòókù sì ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ jókòó ti ìwé ẹgbẹ́ náà. Alágbàtà tó bá ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹni tó pẹ́ dé, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, lè bá ọjọ́ 31 lójú ọ̀nà.

Jíjókòó ti ìwé yẹn gan-an ni iṣẹ́ tèmi, òun ló sì ń pa ọjà jù. Ẹ rántí Bury, ẹgbẹ́ kan nítòsí Manchester tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1885. Pọ́ùn kan péré ni wọ́n tà á ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, nítorí gbèsè tó wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ kan tún fẹ́ rà á, wọ́n wo ìwé rẹ̀, wọ́n sì yọwọ́ ní ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n parí rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n lé Bury kúrò nínú líìgì. Wọ́n lo nǹkan bíi ọdún 125 nínú rẹ̀.

Ratcliffe padà rí ẹgbẹ́ rà. Nígbà tí àwọn Glazer, ìdílé tó ni Manchester United, ní àwọn lè tà á ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Sheikh Jassim láti Qatar ní òun fẹ́ gbogbo rẹ̀, ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn Glazer kò ní ọjọ́ 31 kankan tó ń lé wọn bọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ná an. Sheikh Jassim yọwọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ratcliffe gbà láti ra ìdá kan nínú mẹ́rin, kí àwọn Glazer ṣì wà níbẹ̀. Dọ́là 33 ló san lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, nígbà tí iye rẹ̀ lọ́jà ìpín kò ju nǹkan bíi 20 lọ. Ó mọ ohun tí olọ́jà fẹ́.

Àwọn kan máa ń bi mí bóyá ọmọ wa lè ṣe irú rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀. Kunle Soname, tó ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ra ìdá 70 nínú Feirense ní Portugal ní 2015, ẹgbẹ́ náà sì gòkè sí líìgì àgbà níbẹ̀ ní 2016. Ẹgbẹ́ kékeré ni, àwọn olówó ayé kò sì du ú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n parí títa Chelsea, nígbà tó ku ọjọ́ kan kí ìwé àṣẹ parí. Abramovich kò fọwọ́ kan owó náà. Wọ́n san án sínú àkáǹtì kan tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé, pé àwọn tí ogun Ukraine pa lára ni wọn yóò ná an fún. Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀ bóyá inú Ukraine nìkan ni wọ́n ti máa ná an tàbí fún gbogbo ẹni tí ogun náà kàn, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Nígbà tí ọdún 2025 wọlé, owó náà ṣì wà ní báńkì.