Ṣé inú òkùnkùn ni dókítà tí kò la ikùn ti ń ṣiṣẹ́ abẹ?

Tí wọ́n bá ti sọ pé àwọn ò ní la ikùn aláìsàn, pé ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin làwọn máa lu, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí àwọn ẹbí lọ́kàn ni pé dókítà ò ní ríran dáadáa. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kúkú là á. Ẹ̀rù yẹn yé wa, àmọ́ ibi tí ewu wà kọ́ ni wọ́n ń wò.

Gáàsì kábọ́ọ̀nù dàóksáídì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fẹ́ sínú ikùn, tí agbára rẹ̀ á tó 12 sí 15 mmHg (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá), kí awọ ikùn lè gbéra kúrò lórí ìfun. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá awò tó nípọn tó mìlímítà 5 tàbí 10, tó ń gbé àwòrán inú ikùn lọ sójú tẹlifíṣọ̀n, á wọlé. Dígí gígùn-gígùn ló kún inú ọ̀pá náà, ọgbọ́n tí onímọ̀ físíìsì Harold Hopkins dá, èyí tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ gbà á kọjá. Tí orí awò bá sún mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò ju òwú ìránṣọ lọ, lójú tẹlifíṣọ̀n ó lè tóbi bíi bírò. Ẹ̀rọ róbọ́ọ̀tì bíi da Vinci tún ní ojú méjì lórí awò kan ṣoṣo, kí dókítà tó ń darí rẹ̀ lè rí bí nǹkan ṣe jìn tó.

Ohun tó sábà máa ń dí awò lójú ni ọ̀rinrin. Awò tutù, inú ikùn gbóná tó 37°C, ó sì lómi. Bó ṣe ń wọlé ni ojú rẹ̀ ń ṣú, bíi dígí ojú ẹni tó ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Nọ́ọ̀sì á ti kọ́kọ́ ki orí rẹ̀ bọ omi gbígbóná tí kò ní kòkòrò, á sì nù ún. Tó bá ṣì ń ṣú ṣáá, wọ́n á wo rọ́bà gáàsì: tó bá jẹ́ ihò tí awò gbà wọlé ni wọ́n so ó mọ́, gáàsì tútù ló ń fẹ́ sí i lójú, kí wọ́n gbé e lọ sí ihò mìíràn. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ ti kọjú awò sí gọ́ọ̀sì funfun kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fo èyí, àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti òróòro á yí padà lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ewu tó yẹ kó ká wa lára ni ohun tí kò sí nínú àwòrán. Irin oníná tí rọ́bà ara rẹ̀ ti ya lè jó ìfun níbi tí awò ò kọjú sí, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kí àmì rẹ̀ tó yọ. Ìdí nìyẹn tí awò fi gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé irin kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọlé.

Awò ò sì lè ríran gba inú ẹran kọjá. Tó bá jẹ́ àpò òróòro ni wọ́n fẹ́ yọ, wọ́n lè gún oògùn indocyanine green, àwọ̀ kan tó ń tàn, sí aláìsàn lára. Ẹ̀dọ̀ á dà á sínú òróòro, tí wọ́n bá sì tan iná tí ojú lásán ò lè rí, ọ̀nà òróòro á máa tàn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ nínú ẹran, ọ̀rá tó nípọn sì lè bò ó. Ẹ̀jẹ̀ náà máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, àwòrán á sì ṣókùnkùn. Tí dókítà ò bá lè dá ọ̀nà òróòro mọ̀ yàtọ̀ sí iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́, kó la ikùn náà ló yẹ, kó má gé ohun tí kò dá mọ̀.