Bí Alberobello ní Ítálì ṣe di ìlú

Ẹ ti lè rí fọ́tò Alberobello rí, ní agbègbè Puglia lápá gúúsù Ítálì, àwọn ilé kéékèèké olókùúta tí wọ́n kùn ní funfun, tí òrùlé wọn wá ṣe ṣóńṣó bí òkòtó tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀. Trulli ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n rẹwà, èmi náà fẹ́ràn wọn gan-an, àmọ́ torí owó orí ni ìlú yẹn ṣe rí bó ṣe rí, ìyà àwọn àgbẹ̀ ló sì wà nídìí ẹ̀.

Igbó ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, abẹ́ àwọn Acquaviva ló wà, ìyẹn àwọn ìjòyè ńlá tó fi Conversano ṣe ibùjókòó. Àwọn ló kó àgbẹ̀ wá kí wọ́n wá ṣán igbó, kí wọ́n dáko, kí ìjòyè sì máa gba tiẹ̀ lórí ìkórè. Ní 1635, Giangirolamo II, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè yẹn, kọ́ ilé ọlọ àti ilé búrẹ́dì síbẹ̀, làwọn èèyàn bá ń wọ́ wá. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lábẹ́ òfin ìjọba Naples, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìlú tuntun dó gbọ́dọ̀ gbàṣẹ ọba kó sì sanwó. Ìjòyè ò gbàṣẹ, ò sì ṣe tán láti yọ kọ́bọ̀. Ìtàn ìlú sọ pé ó pàṣẹ fáwọn àgbẹ̀ pé òkúta lásán ni kí wọ́n máa tò, kò gbọdọ̀ sí nǹkan tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, torí táwọn òṣìṣẹ́ ọba bá ń bọ̀ wá wádìí, kí wọ́n lè tètè wó o palẹ̀ kó dà bíi pé ẹnì kankan ò gbébẹ̀. Ẹ wò ó o, ilé tí ìyá àtọmọ ń sùn sí!

Àwọn kan máa ń yin ìjòyè yẹn pé ó gbọ́n, èmi ò fara mọ́ ọn. Àwọn àgbẹ̀ ló lọgbọ́n. Òkúta ló kún inú ilẹ̀ ibẹ̀, odò ò sì sí, torí náà wọ́n á gbẹ́ kòtò sísàlẹ̀ tí omi òjò á máa wọ̀, òkúta tí wọ́n bá wú jáde ni wọ́n á fi mọ ògiri tó nípọn, wọ́n á wá máa to tòkè yípo yípo, á máa kéré sí i títí á fi pàdé lókè, wọ́n á tún fi òkúta pẹlẹbẹ bò ó kí òjò lè ṣàn dànù. Ìwúwo òkúta nìkan ló dì í mú.

Ó lé ní 150 ọdún tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, kí ọkùnrin méje tó gbéra lọ bá Ferdinand IV, ọba Naples, ní ìlú Taranto ní 1797, wọ́n láwọn fẹ́ bọ́ lábẹ́ ìjòyè. Ọba gbọ́, ó fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ 27 oṣù karùn-ún, Alberobello dòmìnira. Ọdún yẹn náà ni wọ́n yan méyọ̀ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì kọ́ Casa d'Amore, ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ẹfun lẹ òkúta ẹ̀ ní gbangba. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.

UNESCO mú ìlú náà wọ ìwé ohun ìní aráyé ní 1996. Àdúgbò méjì ni trulli pọ̀ sí jù nínú ìlú: Rione Monti làwọn arìnrìn-àjò máa ń kún, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ níbẹ̀, Aia Piccola dákẹ́ jù ú lọ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jáde sí abúlé Coreggia tàbí àwọn oko tó wà lọ́nà Locorotondo àti Martina Franca, ẹ máa rí trulli láàárín igi ólífì àti àjàrà, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ló wà, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n.